Ọ̀pá Àbẹ́là Idẹ: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ti Àtijọ́ Yàtọ̀ sí Àdàkọ?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ará wa tó ń ra ọjà àlòkù tà ní London. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwàdà díẹ̀ nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo ṣe ìbà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti dé ọjà car boot, ọjà àlòkù tí wọ́n ń tà láti inú búùtù ọkọ̀, ní ìdájí kí ẹ tó ya síbí, ẹ kú òtútù, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tajà lórí eBay, tí ẹ ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dìde, mo rí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ fi mí sórí ìdúró. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti ń ra idẹ kí n tó mọ idẹ yàtọ̀ sí bàbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí orí ọ̀rọ̀ tèmi bá wọ́, ẹ bá mi tún un gbé.

Bí mo ṣe ń wọlé, bàbá kan fà mí lápá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀pá àbẹ́là òyìnbó?" Mo ní, "Bàbá, ó kàn wá o." Idẹ tí wọ́n ń ṣe ní Bristol àti Birmingham nígbà yẹn, kì í ṣe orí tábìlì òyìnbó nìkan ló ń parí sí. Wọ́n fi ń ṣe àwo, wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà tí wọ́n ń pè ní mánílà. Ọkọ̀ ojú omi á kó o dé etíkun wa, wọ́n á fi ra ọjà, wọ́n á sì fi ra ènìyàn. Nínú irú idẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń yọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹdan Ògbóni àti ẹ̀gbà Ọ̀ṣun. A kì í ṣe àlejò nídìí idẹ òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, mo kàn fẹ́ gba oríṣiríṣi ọ̀nà dé ibẹ̀ ni: ẹ má wo bí ó ṣe ń dán, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó ń dá ọjà àtijọ́ kọ, ojú oníbàárà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ibi tí ojú oníbàárà kì í dé, kò ráyè ibẹ̀.

Àdàkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí, torí mo rí i pé àyà àwọn kan ti ń já. Ṣé gbogbo àdàkọ ni ayédèrú? Rárá o. Láti ìparí ìjọba Ọbabìnrin Victoria ni àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń wá ohun tó jọ ti baba ńlá wọn. Ni àwọn ilé iṣẹ́ idẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀pá àbẹ́là tó jọ ti ayé Ọbabìnrin Anne, ẹni tó jọba láti 1702 sí 1714. Òmíràn nínú àdàkọ wọ̀nyẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, òun náà ti dàgbà. Ní Moradabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ìlú tí gbogbo ayé fi iṣẹ́ idẹ mọ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Colonial Williamsburg ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí wọ́n sọ ìlú àtijọ́ kan di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, gbà kí ilé iṣẹ́ ṣe àdàkọ àwọn ọ̀pá àbẹ́là tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tẹ àmì CW sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú.

Ẹni tó ṣe é kò purọ́. Ẹni tó fi fáìlì ha àmì yẹn kúrò, tó wá ní ti 1720 ni, òun ló purọ́. Torí náà, bí ẹ bá yí ọ̀pá àbẹ́là sódì, tí ẹ rí ojú kan tó jin díẹ̀, tó mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, tí ìlà fáìlì wà níbẹ̀, ẹ bi ara yín: kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí n rí?

"Gbé e wò, ó wúwo!"

Ta ni kò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí nínú wa? "Gbé e wò, ó wúwo! Ti àtijọ́ ni!" Mo dúró níbi ìsọ̀ kan lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan gbé ọ̀pá àbẹ́là méjì lé ìyá wa kan lọ́wọ́, ó ní ti ayé Ọbabìnrin Anne ni. Apá ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń ṣí báàgì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èékánná ta ọ̀pá rẹ̀ wò." Wọ́n ta á. Kò dún bí ohun tó ní ihò nínú. Idẹ kún inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo ní, ta ló ní idẹ tí yóò fi ṣòfò báyìí ní 1705?

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Láyé ìgbà náà, idẹ ló wọ́n, owó iṣẹ́ kò wọ́n. Lónìí, owó iṣẹ́ ló wọ́n. Alágbẹ̀dẹ ayé ọjọ́un á jókòó ti iṣẹ́ kan títí kó tó jẹ́ kí idẹ díẹ̀ ṣòfò. Ilé iṣẹ́ ìsinsìnyí á da odindi idẹ sí i kó tó san owó wákàtí kan sí i. Nítorí náà, ọ̀pá àbẹ́là tó jọ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún tó sì wúwo bí ọmọrí odó, ìfura ni kí ìwúwo rẹ̀ mú wá, kó má ṣe ìdùnnú. Mo ní ti ọ̀rúndún kejìdínlógún o. Àwọn tó ṣáájú wọn, òmíràn ki nínú wọn, ó sì wúwo lóòótọ́.

Ojú ìsopọ̀

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi í wúwo? Láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń da ọ̀pá rẹ̀ ní ìlàjì méjì sínú iyanrìn. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan jin nínú. Wọ́n á wá pa méjèèjì dé, wọ́n á fi iná àti idẹ tó tètè ń yọ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kí ara rẹ̀ lè dán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di nǹkan bí 1770 sí 1780, nígbà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń da ọ̀pá oníhò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí pé à ń lẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé kì í pòórá. Ìlà méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n dojú kọ ara wọn láti ọrùn dé ìdí. Lára ọ̀pá tí wọ́n ti nù fún igba ọdún, ìlà yìí lè tín-ín-rín bí irun orí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń hu èémí sí i, bí ẹni fẹ́ nu gíláàsì ojú. Kí èémí yẹn tó gbẹ, ìlà náà á yọ, torí pé àwọ̀ idẹ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò bá ti ọ̀pá mu tán. Bí kò bá yọ níta, ẹ tan iná fóònù sínú ihò tí àbẹ́là ń dúró sí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí ara rẹ̀ níta kò ráyè inú. Ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ télọ̀, ṣé agbádá tó wà lọ́rùn ọkọ ìyàwó ló máa wò? Á yí agbádá sódì, á wo ojú rírán.

Ọ̀pá tó jọ ti 1730 tí kò ní ìlà kankan, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o! Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Àìní ìlà kì í ṣe ẹ̀rí lára ọ̀pá tó jọ ti 1650, kì í sì í ṣe ẹ̀rí lára èyí tó jọ ti 1800, torí wọn kì í lẹ̀ ẹ́ nígbà méjèèjì yẹn. Irú ọ̀pá wo ni? Ìgbà wo ni irú rẹ̀ jáde? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irin tín-ín-rín tó ń ti àbẹ́là sókè láti ìsàlẹ̀, tó máa ń ní bọ́tìnnì kékeré nídìí. Ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni irin yẹn gbòde. Bí ẹ bá bá a nínú ohun tí wọ́n ní ti 1710 ni, ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀.

Ìdí

Ní báyìí, ẹ yí i sódì. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Èkíní ni ojú abẹ́ ìdí fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá da idẹ sínú iyanrìn, ara rẹ̀ máa ń hun, ó máa ń rí ṣákaṣàka. Alágbẹ̀dẹ ọ̀rúndún kejìdínlógún á fi ẹ̀rọ yí abẹ́ náà tàbí kó fi ọ̀bẹ ha á, torí idẹ tó bá ha kúrò níbẹ̀ á padà sínú ìkòkò iná. Ẹ ó rí àmì ọ̀bẹ bí òbìrìkìtì tó yí ara wọn ká, wọn kì í sì í tò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ àdàkọ, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú iyanrìn ni wọ́n fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kàn kùn ún ní dúdú.

Èkejì ni ibi tí ọ̀pá ti wọnú ìdí. Lára ti ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n sábà máa ń ti ẹnu ọ̀pá gba ihò ìdí kọjá, wọ́n á wá fi òòlù lù ú lábẹ́ títí yóò fi tẹ́ pẹlẹbẹ, tí kò ní lè jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni bóòtù gbòde. Àmọ́ bóòtù nìkan kò tó ká fi dájọ́, torí bóòtù ti wà kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e. Henry Maudslay ṣe ẹ̀rọ tó ń gé ojú bóòtù dọ́gba ní London ní nǹkan bí 1800. Ní 1841 ni Joseph Whitworth gbé òdiwọ̀n kan ṣoṣo kalẹ̀ fún bóòtù. Ẹ wá wo bí ìmọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní méjì tó jẹ́ oníbóòtù, ẹ tú méjèèjì, ẹ fi ọ̀pá ti àkọ́kọ́ sínú ìdí ti èkejì. Bó bá wọlé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ló gé e. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kọ̀ jálẹ̀ pé ìdí tòun nìkan lòun mọ̀, ọwọ́ ènìyàn ló gé e. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan tilẹ̀ máa ń fi fáìlì ṣe àmì kékeré sí ọ̀pá àti ìdí tó bá a lọ, ìlà kan fún ti àkọ́kọ́, ìlà méjì fún èkejì, kí wọ́n má baà pàṣípààrọ̀. Bí mo bá rí àmì yẹn, inú mi máa ń dùn ju kí n rí orúkọ lọ.

Méjì tó jọra jù

Ẹnìkan gbé méjì wá bá mi tayọ̀tayọ̀ pé ohun tó jẹ́ kó dá òun lójú ni pé wọ́n jọra bí ìbejì. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lóòótọ́ ni wọ́n jọra. Ibi tí ìdí àkọ́kọ́ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ gan-an ni èkejì náà ti tẹ̀. Ibi tí etí àkọ́kọ́ ti fọ́ bí ẹyọ ìrẹsì, èkejì fọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ọ̀pá àbẹ́là méjì lè ṣubú lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n fi ojú kan náà gbá ilẹ̀, kí ọgbẹ́ wọn sì jọ?

Ọ̀pá àtijọ́ kan ló wà níbì kan tó ní ọgbẹ́ yẹn. Òun ni wọ́n tẹ̀ sínú iyanrìn, wọ́n da idẹ sí ojú rẹ̀, wọ́n dà á, wọ́n tún dà á. Ọgbẹ́ bàbá di ogún ọmọ.

Bí wọ́n bá dà á báyẹn, àmì kejì tún wà tí wọn kò lè pa rẹ́. Idẹ tó bá ń tutù máa ń sún kì. Nǹkan bíi 1.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dínkù. Ọ̀pá tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, àdàkọ tí wọ́n fi òun gan-an ṣe á kéré sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4. Bí àwọn ìwé bá ti sọ gíga irú ọ̀pá kan, ẹ wọn tiyín. Bó bá fi díẹ̀ kúrú, tí igun rẹ̀ gbogbo sì rí bọ́rọ́bọ́rọ́ bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀, ọmọ ni, kì í ṣe bàbá.

Ẹ má fi bọ́rọ́bọ́rọ́ yẹn pe ti ìlò o. Ibi tí ọwọ́ ń dé ni ìlò ń jẹ: ibi tí a ti ń dì í mú, etí ìdí tó ń fara ha tábìlì, ẹnu tí à ń ti àbẹ́là bọ̀. Kòtò tó wà láàárín kókó méjì, ìnùdẹ kì í débẹ̀, torí náà igun ibẹ̀ máa ń mú síbẹ̀. Tí kòtò àti òkè bá rí bọ́rọ́bọ́rọ́ bákan náà, inú iyanrìn ni wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀ wá.

Idẹ fúnra rẹ̀, àti àmì ara rẹ̀

Èyí kò ní gùn, torí ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣe ojú. Idẹ jẹ́ bàbà tí a pò mọ́ síǹkì. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ síǹkì lọ́tọ̀. Wọ́n á fọ́ òkúta tó ní síǹkì nínú, wọ́n á pò ó mọ́ èédú àti bàbà wẹ́wẹ́, wọ́n á dé e pa sínú ìkòkò, wọ́n á dáná sí i. Èéfín síǹkì á wọnú bàbà. Síǹkì tó ń wọlé lọ́nà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 1738, William Champion ní Bristol gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí yíyọ síǹkì lọ́tọ̀. Ní 1781, James Emerson gba tirẹ̀ lórí pípo síǹkì àti bàbà tààrà. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti lè fi síǹkì tó bá wù ú sí i. Torí náà, bí ilé ìtajà ńlá bá fi ẹ̀rọ X-ray yẹ ọ̀pá "1700" wò, tí ẹ̀rọ sì ní síǹkì rẹ̀ tó 38, ẹjọ́ ti parí. Bó bá jẹ́ 25 ńkọ́? Ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè po 25 lónìí.

Ti àmì: bí ẹ bá rí "England" lábẹ́ rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1890 ló fà á, pé gbogbo ọjà tó bá ń wọlé láti 1891 gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Àmì onígun mẹ́rin bíi dáyámọ́ńdì, tó fi hàn pé wọ́n ti forúkọ àwòṣe ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1842 sí 1883 ni. "Rd No", nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó rọ́pò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1884. Àwọn alágbẹ̀dẹ díẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún tẹ orúkọ wọn, bíi George Grove àti Joseph Wood. Àwọn tí kò tẹ orúkọ ló pọ̀ jù.

Ọ̀pá inú yìnyín

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, torí ìtàn yìí dùn mọ́ mi. Ní 1596, ọ̀gá ọkọ̀ ará Netherlands kan, Jacob van Heemskerck, àti Willem Barentsz, wá ọ̀nà gba òkè ayé dé Ṣáínà. Yìnyín há ọkọ̀ wọn mọ́ ní erékùṣù Novaya Zemlya. Wọ́n fi pákó kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n sì fara da òtútù náà títí di 1597, kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó fi ọkọ̀ kékeré sá. Barentsz kú sọ́nà. Ẹrù wọn wà níbẹ̀, yìnyín bò ó. Ní 1871 ni ará Norway kan, Elling Carlsen, bá ilé náà. Àwọn ẹrù náà wà ní Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amsterdam, báyìí, ọ̀pá àbẹ́là sì wà lára wọn: ìdí rẹ̀ gbòòrò, àwo tó ń gba ọ̀rá àbẹ́là tó ń kán wà lára ọ̀pá.

Kí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn èyí? Ó jẹ́ ká mọ̀ dájú pé irú ọ̀pá yìí ti wà ní 1596, kò sí ẹni tó lè jà á níyàn. Kí ló sì bà á jẹ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ni gbogbo ènìyàn ti fẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ń pè é ní Heemskerk. Wọ́n da á lọ rẹpẹtẹ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ní ọ̀rúndún ogún. Èyí tí ẹ máa rí lọ́jà, àfi bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn yín lọ́nà àrà, àdàkọ ni.

Orí Olókun

Bàbá tó fà mí lápá, èyí tiyín ni. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì fi orí idẹ kan tó ti Igbó Olókun wá hàn án. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó gbé e lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n gbé orí tó wà ní Ifẹ̀ yẹ̀ wò ní London. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àdàkọ ni. Kí ni ẹ̀rí wọn? Wọ́n ní ara rẹ̀ fi hàn pé inú iyanrìn ni wọ́n dà á sí, nígbà tó jẹ́ pé ìda oyin ni àwọn àgbà Ifẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ (wọ́n á fi ìda mọ ọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda kúrò, idẹ á wá rọ́pò rẹ̀), gẹ́gẹ́ bí àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ti fi hàn. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ mìíràn ti tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì ń jiyàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi orí ọba àti ọ̀pá àbẹ́là: báwo ni wọ́n ṣe dà ọ́?

Ìbéèrè

Ọ̀dọ́kùnrin kan bèèrè bóyá òòfà lè ràn wá lọ́wọ́. Díẹ̀ ni. Òòfà kì í fa idẹ, ì báà ṣe ti àná, ì báà ṣe ti 1600. Irin tí wọ́n kàn fi idẹ bò lójú ló ń fà. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

Mọ́mì kan bèèrè bóyá kí àwọn fi Brasso nù ún kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ẹ nu ara rẹ̀ bó bá wù yín, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dúdú tó wà lábẹ́ yẹn ni ẹ̀rí yín. Ti ọdún gbọọrọ kì í dọ́gba, ó máa ń nípọn nínú kòtò, ó máa ń fúyẹ́ létí. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì kùn máa ń dúdú bákan náà káàkiri, ẹ fi ìka tútù pa á, òmíràn á bá ìka yín wá.

Ẹni tó bèèrè kẹ́yìn ní, bí òun ò bá mọ èyí tó jẹ́ ńkọ́, kí lòun máa kọ sórí ọjà náà? Kọ pé "ó jọ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún", kí o má kọ "ti ọ̀rúndún kejìdínlógún". Ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá kí àmì ọ̀bẹ lè hàn. Wọn gíga rẹ̀, kọ ọ́ sí i. Owó tó máa wọlé á kéré díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá rà á kò ní dá a padà.